Ẹnu Kúlísúmù Alágbọn

Ojú mẹ́ta ni àgbọn ní, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ènìyàn lè gbà rí inú rẹ̀. Ẹ lè mì ín létí títí, kí omi máa dún nínú rẹ̀, kí èèpo rẹ̀ sì dára lójú, kó jẹ́ pé ó ti bàjẹ́. Àwọn mìíràn máa ń bàjẹ́ tí ara wọn á ṣì funfun báláú. Ẹnu nìkan ló ń tú wọn fó. Ìdí nìyẹn tí Kúlísúmù, tí gbogbo àdúgbò wọn láàárín ìlú Ọ̀wọ̀ ń pè ní Ìyá Alágbọn, fi máa ń gé díẹ̀ jẹ lára àgbọn kọ̀ọ̀kan kó tó gbé e sórí ìrin. Bó bá fọ́ ogún, ogún náà ni yóò tọ́ wò. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bá ń ta lẹ́nu bí ọṣẹ, odindi ìkòkò ìrẹsì ló máa bà jẹ́, àwọn ará Ọ̀wọ̀ kì í sì í dárí ji ènìyàn lórí ìrẹsì alágbọn. Wọ́n lè gbàgbé ẹni tó bú baba wọn. Ẹni tó bá se ìrẹsì burúkú fún wọn níbi ìkómọ, ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò gbọ́ nípa rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, kò sì yí i padà. Ẹ̀yìn àdá ló fi ń fọ́ àgbọn, kí omi rẹ̀ lè ṣàn sínú abọ́. Kì í jẹ́ kí ọmọdé mu omi yẹn, torí wọ́n ní ó máa ń sọ ọmọ di òpè. Èmi mọ àwọn tí kò fi ẹnu kan omi àgbọn rí láyé wọn tí wọn kò sì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Yóò fi ọ̀bẹ kékeré yọ ara àgbọn kúrò lára èèpo, yóò tọ́ ọ wò, yóò ṣan án, yóò sì rin ín lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu, tí wọ́n kàn mọ́ pákó. Àwọn tó ń gbé tiwọn lọ sídìí ẹ̀rọ máa ń yà á lẹ́nu. Ó ní ẹ̀rọ tó lọ ata láàárọ̀ kò lè lọ àgbọn lọ́sàn-án kó má rántí ata.

Omi gbígbóná díẹ̀ ni yóò dà sórí èyí tó rin, yóò fún un, yóò sì fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Àkọ́fún, tó ki, ni ti ìrẹsì. Èyí tó tẹ̀ lé e ló ń fi ṣúgà sè títí yóò fi dúdú, tí yóò sì le, tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní báàbá dúdú. Tó bá jẹ́ àdí ló fẹ́ ṣe, yóò dé omi náà mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ọ̀rá rẹ̀ lè léfòó, yóò kó ọ̀rá náà sínú ìkòkò, yóò sì fi iná jẹ́jẹ́ sí i. Ó máa ń pariwo lákọ̀ọ́kọ́, á máa ta, á máa hó. Tí omi inú rẹ̀ bá tán, ariwo á dákẹ́, òróró á mọ́ kedere, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ á pọ́n. Àdí àgbọn nìyẹn. Òun ni àwọn abiyamọ Ọ̀wọ̀ fi ń pa ọmọ tuntun lára, kò sì sí abiyamọ tó ń ra ti ẹlòmíràn bí Ìyá Alágbọn bá ní.

Àgbọn yìí ló fi tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Fàsásì, ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe bíríkìlà, ti kú nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré. Ṣẹ̀fíátù lorúkọ ọmọ náà. Nígbà tó dàgbà, tíṣà kan tó ń jẹ́ Ọbayẹmí, ọmọ Ọ̀kà Àkókó tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀, ní òun fẹ́ ẹ. Kàsúmù, ẹ̀gbọ́n Kúlísúmù, tẹ́lọ̀ ni, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun jáfara sì ni. Ó ní òun kò lè fi ọmọ fún onígbàgbọ́. Ó ń sọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ta á lólobó pé oyún ti wà nílẹ̀. Àríyànjiyàn parí, wọ́n gba àna.

Ọdún 1979 ni Ṣẹ̀fíátù bímọ. Ọmọ náà ké, ara rẹ̀ le. Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ni kò dá. Tí ọmọ tuntun bá kú tí ìyá rẹ̀ sì yè, a máa ń sọ fún ìyá pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ti Kúlísúmù, agbè ló fọ́, omi ló ṣẹ́kù, kò sì sẹ́ni tó ní gbólóhùn kankan nílẹ̀ fún irú ìyẹn.

Wọn kì í jẹ́ kí ìyá rí sàréè ọmọ rẹ̀. Ilé ni wọ́n fi Kúlísúmù sí nígbà tí àwọn ọkùnrin lọ sìnkú, wọ́n gbé ọmọ tuntun náà lé e lẹ́sẹ̀. Ó fẹ́ ké. Ó la ẹnu. Àwọn obìnrin tó yí i ká ní, "Má sunkún o, Ìyá Ṣẹ̀fíátù. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Wo ọmọ lọ́wọ́ rẹ." Ó wo ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó ní kí wọ́n gbé ìgò àdí wá, kí òun pa ọmọ náà lára. Bí ìṣe rẹ̀, ó kọ́kọ́ fi ìka kan àdí náà, ó fi sí ahọ́n, kó lè mọ̀ bóyá ó ṣì dára. Kò gbọ́ adùn kankan lẹ́nu. Ó tún fi sí i. Ó rò pé àdí náà ló ti bàjẹ́, ó ní kí wọ́n gbé ìgò mìíràn wá, ìyẹn náà kò sọ nǹkan kan fún un.

Bí ẹnu Ìyá Alágbọn ṣe kú nìyẹn. Iyọ̀, ata, ṣúgà, gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan náà. Imú pàápàá kò ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ó rò pé yóò lọ bí ọ̀fọ̀ bá ti rọlẹ̀. Wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ṣe ti ogójì ọjọ́, àwọn àáfà jẹ, wọ́n yó, wọ́n sì yin oúnjẹ, òun kò mọ ohun tí wọ́n ń yìn. Ìbànújẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń retí pé kó wá, òun náà ń retí rẹ̀, kò dé. Ó máa ń jókòó sídìí ìrin, á máa rin àgbọn, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Àwọn ará àdúgbò ń yìn ín káàkiri. Wọ́n ní ẹ wo obìnrin tó gba kádàrá, ẹ wo sùúrù. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí ìyìn yẹn. Ohun tí wọ́n ń pè ní sùúrù kì í ṣe sùúrù rárá, ara rẹ̀ ló ti kú.

Kò sọ fún ẹnì kankan. Ta ló máa fún alásè tí kò mọ adùn níṣẹ́? Ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ ìwọ̀n iyọ̀, ojú rẹ̀ ṣì mọ ìgbà tí omi àgbọn bá ki. Tí ìkòkò bá ti fẹ́ délẹ̀, á pe Sàlímọ́tù, aládùúgbò rẹ̀, á ní, "Wá bá mi tọ́ ọ wò, ẹnu ẹni méjì dáa ju ti ẹnì kan lọ." Sàlímọ́tù rò pé iyì ni wọ́n ń fún òun, ó máa ń sáré wá tòun ti ṣíbí. Àgbọn nìkan ni kò lè pè é sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣì ń gé e, ó ṣì ń fi sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ òwú, ojú ló kù tó fi ń ṣà wọ́n. Èyí tí ara rẹ̀ bá pọ́n, á sọ ọ́ nù. Èyí tó bá funfun, á rin ín. Ọlọ́run bá a ṣe é, kò sí ìkòkò tó bà jẹ́ níbi àsè kankan.

Ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ náà ń dàgbà sí. Kàsúmù sọ ọ́ ní Rùkáyàt. Lọ́dọ̀ àwọn baba rẹ̀ ní Ọ̀kà, Veronica ni wọ́n ń pè é, ẹnì kankan kò sì bá ẹnì kejì jà lórí rẹ̀. Ìjọba gbé Ọbayẹmí kúrò ní Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó sì ń wá wo ọmọ rẹ̀ tí ìsinmi bá dé. Kúlísúmù kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń pa á ládìí, ó ń ro ẹ̀kọ fún un, ó ń fi omi àgbọn pò ó kó lè dùn. Ó mọ̀ pé ọmọ náà nìkan ni okùn tó ṣì so òun mọ́ ayé. Mímọ̀ lásán ni, bí ènìyàn ti ń mọ̀ pé ọjọ́ Jímọ̀ ni òní.

Ohun kan ló ń ṣe ọmọ náà. Inú rẹ̀ kì í dúró. Á dáa lósẹ̀ yìí, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á tún máa yàgbẹ́ gbuuru. Ní dìsípẹ́ńsárì, wọ́n ní omi ni, kí ó máa se omi. Ó se omi. Wọ́n ní aràn ni, ó ra oògùn aràn. Ọmọ náà rù, ọrùn rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ tóbi.

Ìròyìn rẹ̀ dé Ọ̀kà. Lẹ́yìn ọdún Iléyá, ní 1982, Ọbayẹmí ránṣẹ́ pé òun àti ìyá òun, Ìyá Margaret, ń bọ̀ wá jókòó sọ̀rọ̀ lórí ọmọ náà. Kàsúmù fi ìwọ̀n tó fi ń wọn aṣọ sọ́rùn, ó sáré dé ilé àbúrò rẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ gbà á ni," ó ní. "Ọmọ yẹn kò ní lọ. Òun ló kù nílé yìí. Ìwọ sáà ti se ìrẹsì alágbọn rẹ. Jẹ́ kí ẹnu wọn kún, èmi á sọ̀rọ̀."

Kúlísúmù ní ó dáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó fọ́ àgbọn tí wọ́n kó wá láti ọ̀nà Òkìtìpupa, ó gé e jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ funfun. Ó fún un, ó dà á sórí iná pẹ̀lú ata, àlùbọ́sà àti ẹja yíyan, ó da ìrẹsì sí i. Ó ránṣẹ́ pe Sàlímọ́tù, wọ́n ní Sàlímọ́tù lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀múrẹ́-Ilé. Ó dúró ti ìkòkò náà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Àwọn àlejò dé lọ́sàn-án. Ọbayẹmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá Margaret, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà àwọn Àgùdà mọ́ ọrùn, di Kúlísúmù mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó bi Rùkáyàt pé níbo ló ń gbé. Ọmọ náà fi èdè Ọ̀wọ̀ dá a lóhùn, ó ní, "Ulé." Ìyá Margaret rẹ́rìn-ín, ó ní èdè Ọ̀wọ̀ ti wọ ọmọ àwọn lára. Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ kan egungun èjìká ọmọ náà, kò sì tètè gbé ọwọ́ náà kúrò.

Kàsúmù kò tiẹ̀ dúró de oúnjẹ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ pé ọmọ tó bá nílé ìyá kì í sọnù. Ó sọ pé ìyàwó tí Ọbayẹmí fẹ́ ṣì jẹ́ ọmọdé, ìyá àgbà ló mọ ọmọ tọ́. Ó sọ pé Kúlísúmù kò ní ẹlòmíràn. Ọbayẹmí àti ìyá rẹ̀ wo ara wọn. Níkẹyìn Ọbayẹmí ní, "Bàbá, a ti gbọ́. Àwa náà kò fẹ́ já a gbà. Kó wà lọ́dọ̀ Ìyá títí yóò fi tó iléèwé lọ." Ìyá Margaret mi orí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kàsúmù fi ọwọ́ nu ojú, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n ti jàre.

Wọ́n bu ìrẹsì. Kàsúmù bù jẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró, ó gbé e mì, ó mu omi. Ọbayẹmí rọra gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ebi kò pa òun púpọ̀, àwọn ti jẹun lọ́nà. Ìyá Margaret nìkan ló ń jẹ, ó ń wo ilẹ̀.

"Ó dùn, àna mi," ni ó ń sọ. "Ẹ ṣé o."

Kúlísúmù ní a dúpẹ́. Ó bu ìwọ̀nba sínú abọ́ Rùkáyàt. Ọmọ náà fi sẹ́nu, ó tu ú dànù.

"Ìyá, ó dà bí ọṣẹ," ó ní.

"Jẹun rẹ," ni Kàsúmù yára dáhùn.

"Ó dà bí ọṣẹ. Ẹ̀kọ àná náà dà bí ọṣẹ."

Kúlísúmù wo abọ́ ọmọ náà. Ó bu ìrẹsì sẹ́nu ara rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́ títí, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí abọ́ àwọn àlejò, èyí tí wọn kò jẹ àti èyí tí Ìyá Margaret ti fẹ́ jẹ tán.

Kàsúmù wá ọ̀nà àbáyọ. "Àwọn tó ń ta àgbọn nísinsìnyí, olè ni wọ́n! Èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ tuntun. Àna wa, ẹ má bínú. Kò rí báyìí rí."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i. Ìyá Margaret ti ń sọ pé kò sí nǹkan, pé ìyẹn ò tó nǹkan. Ká ní Kúlísúmù dákẹ́ ni, ilẹ̀ ìbá mọ́, ọmọ ìbá wà nílé.

"Kì í ṣe àwọn tó tà á," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. "Èmi ni. Mi ò mọ adùn nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ tí Ṣẹ̀fíátù ti kú. Mi ò mọ iyọ̀, mi ò mọ àgbọn tó ti bàjẹ́. Ohun tó ń ṣe inú ọmọ yìí, èmi ni mò ń fi ọwọ́ ara mi bọ́ ọ. Ẹ máa mú un lọ."

"Kúlísúmù!" Kàsúmù dìde. "Ṣé orí rẹ pé? Wọ́n ti ní kó dúró! Sàlímọ́tù á máa bá ọ tọ́ oúnjẹ rẹ̀ wò."

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ń jẹun láàárọ̀ kí Sàlímọ́tù tó jí. Kì í sì í ṣe ẹnu nìkan." Ó yí sí Ìyá Margaret, torí ó dà bíi pé òun ló yẹ kó gbọ́ ọ. "Lọ́jọ́ kan, ó ṣubú lórí òkúta níta, ẹ̀jẹ̀ ń jáde létè rẹ̀. Mo ń wò ó. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sáré. Ẹsẹ̀ mi kò gbéra. Ẹni tó ń kọjá lọ ló gbé e. Ṣé irú èmi yìí ni yóò tọ́ ọmọ?"

Ìyá Margaret sún mọ́ ọn lórí ẹní, ó jókòó tì í, èjìká kan èjìká. Nígbà tó yá ó ní, "A ò gbà á lọ́wọ́ yín o. Ẹ̀yin lẹ fún wa. Tí ẹ bá fẹ́ rí i, ilé yín ni Ọ̀kà."

Kúlísúmù di aṣọ ọmọ náà. Kò sí omi lójú rẹ̀ bó ṣe ń dì í. Kàsúmù kò lè wò ó, ó jáde lọ dúró sídìí ògiri. Kúlísúmù fúnra rẹ̀ ló pọn Rùkáyàt dé gáréèjì àwọn ọkọ̀ Ìkàrẹ́, ibẹ̀ ló ti tú u sílẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e fún Ìyá Margaret. Oorun ti ń kun ọmọ náà. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, ó la ojú, ó rí ojú ẹlòmíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Veronica, pẹ̀lẹ́," ni Ìyá Margaret ń sọ, "Veronica, pẹ̀lẹ́."

Ọkọ̀ lọ. Kúlísúmù fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná níbi tí ọmọ náà ti wà, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó tutù. Ó dúró láàárín ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti tutù tàbí gbóná fún un. Ó tún ń rìn.

Sàlímọ́tù ti dé láti Ẹ̀múrẹ́-Ilé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ọsàn. "Wọ́n ní ẹ pè mí," ó ní. "Rùkáyàt dà?"

"Mo ti fún wọn."

"Ẹ fún wọn kẹ̀? Ẹ̀yin fúnra yín?"

Kúlísúmù fẹ́ ṣàlàyé. Ó la ẹnu, ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀. Sàlímọ́tù sọ ọsàn nù. Igbe náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé kejì fi jáde, tí àwọn tó ń ṣe àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí gbé kẹ́tùlù sílẹ̀. Kàsúmù ju aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó sáré tòun ti ẹsẹ̀ lásán. Wọ́n pé lé e lórí níbi tó wó sí lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé ẹkún òkú ni, torí kò sí ohun mìíràn tí wọ́n ń sun irú rẹ̀ fún.

"Ta ló kú?" ni wọ́n ń bi í. "Ìyá Alágbọn, ta ló kú?"

"Ṣẹ̀fíátù ni," ó ní. "Ṣẹ̀fíátù ọmọ mi ló kú."